Lórí "ọ̀rọ̀ ìyínmú": yínmú kọ́ ni dímú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá dábàá pé kí a máa pe "phew", "pooh" àti "ugh" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ké bí nǹkan bá ń rùn ní "ọ̀rọ̀ ìyínmú". Ẹ má bínú, sà, ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Mo gbà pé "ọ̀rọ̀ ìyanu" tí ìwé gírámà ń pe irú igbe bẹ́ẹ̀ kò bá a mu, torí ta ló ń ya ẹnu níbi tí nǹkan ti ń rùn? Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ni yínmú.

Ẹ wo "phew". Èémí lásán ni wọ́n ń fẹ́ jáde lẹ́nu. Òun náà ni wọ́n ń ké bí wọ́n bá sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Ta ló ń yínmú nígbà tí ara bá tù ú? Nínú Hamlet, eré orí ìtàgé tí Shakespeare kọ, ọmọ ọba gbé agbárí Yorick, apanilẹ́rìn-ín tó máa ń pọ̀n ọ́n ní kékeré, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní "pah" (ẹ̀dà ọdún 1623 kọ ọ́ ní "puh"), ló bá gbé e sílẹ̀. Ó fẹ́ràn Yorick gan-an, òórùn ló lé e sẹ́yìn. "Pooh" nìkan ni mo lè fi sílẹ̀ fún yín, nítorí wọ́n ń fi í pẹ̀gàn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Ìyá bàbá mi ń ṣe irú tà. Bí wọ́n bá ṣí ewé lórí igbá, tí ooru rẹ̀ rú jáde, gbogbo àwa ọmọ á fọwọ́ dímú, Màmá ò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ká ètè sókè pẹ́nrẹ́n: "Irú mi lò ń yínmú sí?" Kò ní fẹnu kan ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá kò lọ sílé ìwé rí, síbẹ̀ wọ́n mọ ìyàtọ̀; ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n, sì ní ọdún 30 lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá.

"Igbe ìdímú" ni tèmi. Ẹni tó ní yóò dà pọ̀ mọ́ "ìdìmú" (dídì nǹkan mú ṣinṣin), ẹ fi àmì sí i! Ohùn òkè ni dí, ohùn ìsàlẹ̀ ni dì. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ya òórùn sọ́tọ̀ kúrò lára oòrùn àti oorun?