“Ìdọ́gba owó oṣù” kò tíì gbé e délé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ní ká máa pe “pay equity”, ìyẹn sísan owó tó yẹ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, ní “ìdọ́gba owó oṣù” nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìròyìn nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń darí ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀. Àbúrò kan fèsì pé “owó oṣù aláìṣègbè” ló sàn jù. Ẹ jẹ́ kí n da tèmi sí i.

Iye ni ìdọ́gba ń kà. Bí tèmi bá jẹ́ mẹ́wàá, tí tiyín náà jẹ́ mẹ́wàá, a ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ bi alágbàṣe tó ń kọ ebè. Igba ebè lórí ilẹ̀ rírọ̀ àti igba ebè lórí ilẹ̀ olókùúta, iye kan náà ni, iṣẹ́ kan náà kọ́. Olóko tó bá san owó kan náà fún àwọn méjèèjì ti ṣe ìdọ́gba, àmọ́ ẹni tó kọ ebè láàárín òkúta á kùn títí dọ̀la. FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfurufú níbẹ̀, mọ èyí. Ìpele ni wọ́n pín ibi iṣẹ́ sí, láti 4 dé 12, gẹ́gẹ́ bí bàálù tó ń gbabẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí iṣẹ́ ṣe díjú tó. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta wà ní 12. Ẹni tó ń darí bàálù kéékèèké ní ìlú kékeré kì í gba iye tí ará Atlanta ń gbà, mi ò sì rí ìrẹ́jẹ kankan níbẹ̀.

Àìṣègbè ńkọ́? Ó dùn létí, àmọ́ inú ènìyàn ló ń tọ́ka sí: adájọ́ ṣègbè, ìyá ṣègbè sẹ́yìn ọmọ kan. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 kò sí nínú ẹnì kankan, inú ìwé ló wà. FAA àti NATCA, ẹgbẹ́ àwọn adarí náà, kò rí àdéhùn ṣe, ni FAA bá gbé ìlànà tirẹ̀ lé wọn lórí. Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, owó tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kéré sí ti ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì í. Rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn) kan náà, bàálù kan náà. Wọn ò sì lè daṣẹ́ sílẹ̀, òfin ò gbà á. Ní 1981 Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lé àwọn adarí tó lé ní 11,000 nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ó di 2009 kí àdéhùn tuntun tó dé. (NATCA ni àwọn adarí ti Nàìjíríà náà ń pe ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.)

“Ọ̀yà abáṣẹ́mu”, ìyẹn ọ̀yà tó bá iṣẹ́ mu, ni èmi dá lábàá. Mo yan ọ̀yà torí pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ń sanwó fún wọn. Oṣù wo la wá ń sọ? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, èèyàn lè kà á sí “ọ̀yà tó bá àṣẹ mu”. Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an sì ni wọ́n san ní 2006.

Lórí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà, “adarí ọkọ̀ òfurufú” lè mú kí òǹkàwé rò pé awakọ̀ bàálù là ń sọ. “Ará ilé gogoro” tí ẹnì kan dá lábàá kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò sí nílé gogoro kankan. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n wà níwájú rédà, wọn ò rí bàálù sójú. “Adarí ìrìnnà òfurufú” tẹ́ mi lọ́rùn.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni orúkọ ètò ti 2006 yẹn fúnra rẹ̀. “Ọ̀yà onípele méjì” kò ṣe é lò, a ti fi ìpele fún 4 dé 12. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, “ọ̀yà ẹ̀gbọ́n, ọ̀yà àbúrò” nìkan ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ó gùn fún àkọlé ìròyìn. Ta ló ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ?