Porsche 944 lórí pápá ìsáré: báwo ni bẹ́ríìnì kọ́ńrọ́ọ̀dù kò ṣe ní bàjẹ́?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìbàdàn ní Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní Porsche 944 kan, oní-lítà 2.5, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1986. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbé e lọ sí Brands Hatch ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá sílẹ̀ fún àwa tí a kì í ṣe awakọ̀ ìdíje, tí oníkálukú ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré. Ní Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe wà nínú Clark Curve, ìyẹn kọ́nà ọ̀tún gígùn tó kẹ́yìn pápá náà, mo rí i tí abẹ́rẹ́ ìfúnpá ọ́ìlì já wálẹ̀ láti òkè 4 bar sí nǹkan bíi 2, kò sì padà gòkè àfi ìgbà tí mo tọ́ ọwọ́ ọkọ̀. N kò gbọ́ ariwo kankan, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé e jáde láti ìgbà náà. Ẹnì kan ní kí n ṣáà ra ọ́ìlì tó ki dáadáa. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Atọ́kọ̀ṣe Birmingham

Àbúrò, o ṣeun tí o gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ọ́ìlì kíki dára, 20W-50 ni èmi náà ń dà sí irú ẹ́ńjìnnì yìí, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí o rí yẹn dúró.

Kọ́ńrọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó so pístínì mọ́ kíráǹkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ríìnì rẹ̀ kò ní góólì (bọ́ọ̀lù irin kéékèèké) nínú bíi ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì ni, tí wọ́n gbá kíráǹkì mọ́ra, ọ́ìlì nìkan ló sì wà láàárín wọn, nínú àlàfo tí kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì bá ń ṣàn wọ ibẹ̀, irin kò ní fi ara kan irin. Ṣùgbọ́n bí o bá pẹ́ nínú kọ́nà, gbogbo ọ́ìlì á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páànù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń fà á á wá ṣófo, á sì máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kíráǹkì ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá méjì kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Kọ́ńrọ́ọ̀dù kejì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ nínú 944.

Fa ọ̀pá gééjì ọ́ìlì yọ wò kí o tó wọ pápá ní gbogbo ìgbà, kí ó wà ní àmì òkè gan-an. Má ṣe dà á kọjá bẹ́ẹ̀ lọ títí, torí kíráǹkì á lù ú di fóòmù, afẹ́fẹ́ náà ni fóòmù sì jẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n jó ògiri kéékèèké mọ́ inú páànù, èyí tó ní ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé sí ibi ẹnu pọ́ǹpù ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó jáde. Bí owó bá wà, fi Accusump kún un, àgbá tó ń tọ́jú ọ́ìlì pamọ́ pẹ̀lú ìfúnpá, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ìfúnpá pọ́ǹpù bá já.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí ó kọ́kọ́ náwó sórí páànù. Bẹ́ríìnì tó ti jẹ kò ní tún ara rẹ̀ ṣe nítorí pé a jó ògiri mọ́ páànù. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, ní pápá ìsáré Snetterton ni kọ́ńrọ́ọ̀dù kejì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbágbágbá, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi òòlù lu irin láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Àbúrò mi, tú fílítà ọ́ìlì, gé e, fa bébà inú rẹ̀ jáde, kí o sì tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Bí o bá rí ohun tó ń dán, mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá gbé ni kí o bẹ̀rù, torí pé kò sí irin lójú bẹ́ríìnì: bàbà àti òjé ló wà níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n sọ páànù kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò nílò kó jáde. Ojú bẹ́ríìnì tó dáa máa ń rí bí eérú. Èyí tí àwọ̀ bàbà bá ti yọ láàárín rẹ̀ ti fẹ́ parí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Kent

Ẹ ṣeun, mà. Mo gé fílítà náà lánàá. Mo rí ègé mẹ́ta tó ń dán, kò sì sí èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé nínú wọn. N kò ní tanná sí i mọ́ títí wọ́n á fi sọ páànù kalẹ̀. Bẹ́ríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá pààrọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tuntun, wọn yóò sì jó ògiri náà mọ́ páànù lẹ́ẹ̀kan náà.