Ètò ìgbafẹ́ fún àwọn agbẹ̀bí tó ń bọ̀ ṣe àpérò ní Áténì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Àpérò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ má fi pamọ́ fún mi.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Áténì, ọdún kẹfà mi rèé ní Gíríìsì. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ wa máa gba àwọn agbẹ̀bí lálejò fún àpérò, àádọ́rùn-ún èèyàn láti orílẹ̀-èdè bíi méjìlá, láti Ọjọ́rú di Sátidé. Àwọn ọ̀gá ló ń bójú tó ìjókòó àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni wọ́n gbé ètò ìgbafẹ́ lé lọ́wọ́: ibi tá a máa mú àwọn àlejò lọ, ibi tá a ti máa jẹun alẹ́, bọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ pátá. 110 Yúrò ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ìgbìmọ̀ kọ sílẹ̀ rèé. Lọ́jọ́rú, ìjókòó á parí ní agogo méjì ọ̀sán, a ó sì gun Acropolis, òkè tí àwọn ojúbọ àtijọ́ wà lórí rẹ̀, lọ tààrà. Lọ́jọ́bọ̀, a ó lọ Sounion lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìjókòó àárọ̀ nìkan ló wà, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ Delphi, a ó sì padà wá jẹ àsè ìdágbére lálẹ́. Ní Sátidé, ọkọ̀ ojú omi, erékùṣù mẹ́ta: Aegina, Poros àti Hydra.

Nígbà tí mo kà á tán, ó ti rẹ̀ mí kí n tó gbéra. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹnì kan ń lo kẹ̀kẹ́ nítorí kò lè rìn. Bíi mẹ́tàdínlógún jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn kan ń mú ọkọ wọn bọ̀, àwọn yẹn ò sì ní bá wa jókòó nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá wa ní, “Wọn kì í wá sí Gíríìsì lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo rẹ̀.” Mo mọ̀ pé ire ló ń rò sí wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Kí ni kí n yọ? Kí ni kí n fi sílẹ̀?

Bàbá Akólérò

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Akọ̀wé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó àwọn àlejò àpérò kiri ní Áténì. Èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tí mò ń ka orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Acropolis ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ fa igi lé e lórí lónìí. Nínú oṣù Keje ọdún kan, mo kó èèyàn mẹ́rìnlélógójì lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ooru ọjọ́ yẹn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní kí wọ́n ti ibẹ̀ láti agogo méjìlá títí di agogo márùn-ún. Ilẹ̀kùn títì la bá. Ìyá kan tó ti Kánádà wá jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi ólífì, ó ń fi ìwé ètò àpérò fẹ́ ara rẹ̀, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ojú tó fi wò mí yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Lóòótọ́, oṣù Kẹsàn-án kì í sábà mú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta mábù ló kún orí òkè yẹn, ibòji ò sí. Oòrùn á jó ẹni látòkè, á tún jó ẹni láti ilẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ bẹ ìgbìmọ̀ kí ìjókòó ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ bàa lè ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣí i, inú rẹ̀ tutù, gíláàsì sì ni ilẹ̀ rẹ̀ láwọn ibì kan, èèyàn á máa rí àwókù ilé àtijọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń kọ wákàtí sórí tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis, wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn tó wọlé ju 20,000 lọ lóòjọ́. 30 Yúrò ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 110 yẹn kẹ́ ẹ tó ro nǹkan mìíràn, kẹ́ ẹ sì rà á kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ètò. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé bàtà gogoro ò wọbẹ̀, òfin ni. Ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ òkúta yẹn títí ó fi ń yọ̀ bí ẹni da òróró sí i. Ní ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè wà, wọ́n ṣe tuntun síbẹ̀ ní òpin ọdún 2020. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sì tún pè wọ́n láàárọ̀, torí bí atẹ́gùn bá le, wọn kì í lò ó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ sọ pé òun fúnra òun máa ṣàlàyé fún wọn lórí òkè. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ni òfin ibí gbà láyè láti ṣe afinimọ̀nà níbi àwọn ohun àtijọ́. Fún àádọ́rùn-ún èèyàn, ẹ wá mẹ́rin.

Delphi: nǹkan bí 180 kìlómítà ni àlọ nìkan. Wákàtí márùn-ún nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n wá wọ aṣọ àsè? Ibẹ̀ dára o. Òkè ńlá ni, ibẹ̀ ni àwọn ọba ayé ìgbà yẹn ti ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, bí àwọn baba wa ṣe ń lọ sọ́dọ̀ Ifá. Ibi tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, a kì í sáré wò ó. Ẹ yọ ọ́.

Erékùṣù mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, ẹ yọ ọ́. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n á fi ní kí wọ́n padà sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ràn Hydra púpọ̀, kò sí mọ́tò níbẹ̀, ìbaaka ló ń ru ẹrù àlejò. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá dé lójijì, àwọn aláṣẹ èbúté ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, ẹ ó sì ní àádọ́rùn-ún èèyàn tí kò níbi tí wọ́n ń lọ.

Sounion ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. 70 kìlómítà péré ni, etí òkun lẹ ó sì máa gbà lọ. Ojúbọ Poseidon, òrìṣà òkun wọn, wà ní ṣóńṣó ilẹ̀, ìgbà kan náà ni wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú Parthenon, ojúbọ ńlá tó wà lórí Acropolis. Wọ́n ní akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Byron fín orúkọ rẹ̀ sára òpó kan níbẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá mú lọ ló máa ń wá a. Ẹ kúrò nílùú ní agogo mẹ́rin àbọ̀. Nǹkan bí agogo méje àbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ nínú oṣù yẹn. Bó bá kù díẹ̀ kó wọ̀, ẹ sọ fún afinimọ̀nà kó dákẹ́.

Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ kú ìsọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ni mo fara mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ lófo pátápátá.

Èmi náà ti lọ àpérò ní Áténì rí. Ètò kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì bọ́ọ̀sì bà jẹ́, wọ́n ní kálukú máa ṣe bó ṣe fẹ́. Èmi àti arábìnrin kan láti orílẹ̀-èdè Philippines tí a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí jọ rìn lọ sí òpópónà tó wà lábẹ́ Acropolis, èyí tí mọ́tò kì í gbà. A ra koulouri, búrẹ́dì róbótó onísẹ́sámì yẹn, a jókòó, à ń wo iná lórí òkè. Ibẹ̀ ló ti fi ìborùn mi hàn mí bí wọ́n ṣe ń so ọmọ tí kò tóṣù mọ́ àyà ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n alẹ́ yẹn ló wọ̀ mí lọ́wọ́. A ṣì ń pe ara wa dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ètò gba gbogbo alẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Olùkọ́ Ìtàn

Akọ̀wé, agbẹ̀bí ni wọ́n, ẹ má gbàgbé. Ètò tí ìgbìmọ̀ kọ yẹn, ẹ lè fún àwọn tó ń ta símẹ́ńtì, kò ní yàtọ̀. Ẹ wá ohun tó jẹ́ tiwọn.

Nísàlẹ̀ Acropolis, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Áréópágù. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn Krìstẹ́nì mọ orúkọ yẹn láti inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn ará Áténì sọ̀rọ̀ “Ọlọ́run àìmọ̀”. Wọ́n ti fi idẹ kọ ọ̀rọ̀ náà lédè Gíríìkì sára àpáta. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò yín ní ìdí mìíràn láti dúró níbẹ̀.

Hyginus, òǹkọ̀wé èdè Látìn kan, pa ìtàn Agnodice. Ìtàn ni o, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òfin Áténì kò gbà kí obìnrin kọ́ ìṣègùn, àwọn aboyún sì ń kú nítorí ojú ń tì wọ́n láti jẹ́ kí ọkùnrin rí ìhòòhò wọn. Ọmọbìnrin yìí gé irun rẹ̀, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Herophilus. Bí aboyún bá kọ̀ ọ́, á ṣí aṣọ fún un kó lè mọ̀ pé obìnrin bíi tirẹ̀ ni. Àwọn oníṣègùn ọkùnrin wá rí i pé àwọn obìnrin ò pè wọ́n mọ́, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tan ìyàwó oníyàwó, ẹjọ́ dé iwájú àwọn adájọ́ Áréópágù, ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ àpáta yìí pè. Ó fi ara rẹ̀ hàn, wọ́n tún fẹ́ dá a lẹ́bi pé ó rú òfin. Ni àwọn obìnrin ìlú bá ya dé, wọ́n ní, “Ẹ̀yin kì í ṣe ọkọ wa, ọ̀tá wa ni yín.” Bí wọ́n ṣe yí òfin padà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí kan nínú wọn sọ ìtàn yìí lójú àpáta náà gan-an. Kí àwọn tí orúnkún ń dùn dúró nísàlẹ̀, àpáta náà ń yọ̀.

Ní Sátidé, dípò erékùṣù, Epidaurus. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Ibẹ̀ ni ojúbọ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn: aláìsàn á sùn síbẹ̀, á máa retí pé kí òrìṣà yọ sí òun lójú àlá. Pausanias, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèwọ̀ ni kí obìnrin bímọ nínú ọgbà náà, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni kú síbẹ̀. Ìta ni wọ́n ń gbé aboyún sí, láìsí òrùlé, títí Antoninus kan, aṣòfin ará Róòmù, fi kọ́ ilé fún wọn. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àádọ́rùn-ún agbẹ̀bí máa sọ sí ìyẹn! Gbọ̀ngàn eré tó wà níbẹ̀ gba nǹkan bí 14,000 èèyàn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láàárín ìsàlẹ̀, àwọn tó wà lókè téńté á gbọ́ ọ. Lọ́nà, ẹ dúró wo odò tí wọ́n gbẹ́ ní Kọ́ríńtì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1893, kẹ́ ẹ sì jẹun ọ̀sán ní Nafplio, olú ìlú Gíríìsì kó tó di Áténì.

Akọ̀wé Àpérò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ìtàn Agnodice fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tó ń gbẹ̀bí ní yàrá kejì sáré wá ní kí n tún un kà.

Oúnjẹ ló kù. Àsè ọjọ́ Ẹtì ńkọ́, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí àti àwọn tí kì í jẹ ẹran? Àwọn ọkọ tó ń bọ̀ náà ńkọ́?

Bàbá Akólérò

Ẹ má pín àwo fún kálukú. Ẹ ní kí wọ́n gbé àwo kéékèèké sáàárín tábìlì bí àwọn ará ibí ṣe ń jẹ ẹ́: fava (ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì lọ̀ kúnná), ẹ̀wà ńlá tí wọ́n fi tòmátì sè, horta (ewébẹ̀ bíbọ̀) tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé, tzatziki (yógọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kùkúḿbà àti áyù sí), ẹja yíyan. Ẹni tó bá ń sọ pé “ẹ bá mi na èyí” ti ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹja àti ewébẹ̀ á gba ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí pé ẹ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹran halal, ẹ sọ ọ́ di kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ilé oúnjẹ láti ìsinsìnyí. Kí ouzo, ọtí líle ibí, wà lórí tábìlì ọ̀tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ á lọ bu tirẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án ni àwọn ará Gíríìsì ń jẹun alẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àlejò yín á ti jí láti àárọ̀, agogo méje àbọ̀ dára fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìkíni méjì péré, kó tó di pé oúnjẹ dé.

Ọjọ́ Ẹtì kan náà ni Jímọ̀. Mọ́ṣáláṣí tí ìjọba kọ́ wà ní àdúgbò Votanikos, ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Ẹ fi bọ́ọ̀sì kékeré kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ má sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì sí wákàtí yẹn.

Àwọn ọkọ: ẹ kó wọn lọ Syntagma, gbàgede àárín ìlú, lọ wo àwọn ẹ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ipò ní wákàtí-wákàtí, kí wọ́n ti ibẹ̀ rìn lọ sí pápá ìṣeré mábù tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ọdún 1896. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọrùn gbogbo wọn pé “ne” ni bẹ́ẹ̀ ni, “ochi” ni rárá. Àìmọye ìgbà ni àlejò ti gbọ́ “ne” tó rò pé wọ́n kọ̀ fún òun. Kẹ́ ẹ kọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, sábẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Àpérò

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lọ́jọ́rú, kò sí nǹkan kan lálẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, Acropolis ní agogo mẹ́jọ, ìtàn Agnodice lójú Áréópágù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Sounion bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a ó sì jẹ àsè náà létí òkun nígbà tá a bá ń bọ̀, nítorí náà agogo mẹ́jọ àbọ̀ la máa jókòó, Bàbá, ẹ má bínú. Epidaurus ní Sátidé, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ san owó ọ̀tọ̀.

Ó fèsì lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó ní Delphi ń dun òun, ṣùgbọ́n òun gbà. Ó ní ta ni máa sọ ìtàn yẹn? Mo ti ní ẹnì kan lọ́kàn, ìyá kan láti Gánà tó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́la ni mo máa pè é. Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ máa retí ìpè mi, nítorí mi ò tíì rí ẹni tó máa ka orí.