Ìpolówó tó ń já lu fíìmù tí màámi ń wò lórí YouTube, kí la lè fi dá a dúró?

Ọmọ Èbúté
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń dí ìpolówó tó ń jáde nínú fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ti màámi ni mò ń bá wọn bèèrè. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń ránṣọ, wọ́n á gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, wọ́n á tan fíìmù Yorùbá sí i, wọ́n á máa ránṣọ lọ. Ibi tí ìyàwó ti fẹ́ tú àṣírí ọkọ gan-an ni ìpolówó tẹ́tẹ́ á já wọlé, ọwọ́ wọn méjèèjì sì wà lára aṣọ, wọn ò lè fi lésì oníbàárà sílẹ̀ torí àtitẹ skip kó lè fò ó, wọ́n á wá máa pariwo "Ẹ wá bá mi mú wèrè yìí kúrò!" Èyí tí ò tiẹ̀ ṣeé skip ló tún burú jù. Dátà tí wọ́n fowó rà náà ló sì ń jẹ o, ẹ sì mọ iye tí dátà ti dà látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti gbà kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó 50% lé owó wọn ní January 2025.

Bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní òun máa fi YouTube tí ò ní ìpolówó sí i fún wọn, pé ká mówó wá, ká sì kọ Gmail àti password wọn sílẹ̀ fún òun. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Android ni fóònù yẹn.

Wálé Kọ̀ǹpútà
Password kẹ̀! Ẹ má dán an wò. Gmail yẹn ló di nọ́ńbà àwọn èèyàn wọn mú, òun ló di fọ́tò wọn mú, nígbà míì báńkì gan-an ń fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀. Áàpù kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Vanced, tó ń gbé YouTube jáde láìsí ìpolówó, òun lọ̀pọ̀ ń lò, àwọn tó ṣe é pa á tì ní 2022 nígbà tí Google fi lọ́yà dẹ́rù bà wọ́n. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ṣáà ti wù lè lẹ orúkọ yẹn mọ́ APK tiẹ̀ (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé áàpù sórí Android), ta ló fẹ́ mọ ohun tó kì sínú ẹ̀.

Ẹ gba Firefox, bùráúsà tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, látinú Play Store, ẹ wọ mẹ́nù ẹ̀, ẹ wọ Extensions, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń fi kún bùráúsà, ẹ fi uBlock Origin tó ń dí ìpolówó sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ rí i pé "Origin" wà lára orúkọ yẹn o, ti Raymond Hill nìyẹn, ọ̀kan wà tí ò ní Origin, ẹlòmíì ló ni ín. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, inú Firefox ni kí wọ́n ti máa wo YouTube, kì í ṣe inú áàpù YouTube, extension ò lè wọ inú áàpù yẹn láyéláyé. Ibẹ̀ ló ti ń dojú rú fáwọn èèyàn, wọ́n á tẹ línkì, fóònù á gbé wọn lọ sínú áàpù, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Settings Firefox ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ní kó má ṣí línkì nínú áàpù mọ́.

Ti Chrome, bùráúsà Google, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ti orí fóònù kì í gba extension. Ti kọ̀ǹpútà náà, Google ti yí òfin extension padà sí ohun tí wọ́n ń pè ní Manifest V3, uBlock Origin gidi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní uBlock Origin Lite ló kù.

Àǹtí Súrùlérè
Gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù fún ìyá àgbà o 😂 Ọmọ dáadáa, wá bùráúsà tó ń jẹ́ Brave, fi sí fóònù wọn, kò nílò extension kankan, ìdènà ìpolówó ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀. Òun lèmi ń lò.

Ẹ̀yin Wálé, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n fi AdGuard tó ń dí ìpolówó sí ibi tí wọ́n kọ Private DNS sí nínú settings fóònù, pé òun ló máa pa gbogbo ẹ̀ run. Mo fi sí i, ìpolówó inú géèmù lọ, ti YouTube ò mira. Kí ló dé?

Wálé Kọ̀ǹpútà
Ma, DNS ló ń bá fóònù wá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ sáfà ló sì máa ń dí. Ti géèmù, ìpolówó ní sáfà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ dí i, ó parí. Ti YouTube, sáfà tó ń gbé fídíò wá náà ló ń gbé ìpolówó wá. Àfi bíi kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dá dánfó dúró l'Ọ́ṣòdì torí gbéwiri kan tó wà nínú ẹ̀, èrò yòókù náà ò ní délé nìyẹn. Ìdí tó fi jẹ́ pé inú bùráúsà lèèyàn ti ń bá a jà nìyẹn. Ẹ fi DNS yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ ṣá, ó wúlò fáwọn áàpù tó kù.

Mo tún fẹ́ sọ pé látọdún 2023 ni YouTube ti ń gbé ìkìlọ̀ jáde fáwọn tó ń dí ìpolówó, pé ó lòdì sí òfin àwọn. Tó bá yọjú, ẹ lọ tẹ update nínú filter lists uBlock, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ohun tó máa ń dí, àwọn tó ń ṣe é kì í sùn. Ọ̀la YouTube á tún yí i padà, wọ́n á tún tún un ṣe.

Ẹni Tó Ń Gé Fíìmù
Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Iṣẹ́ editing ni mò ń ṣe, àwọn fíìmù tí màámi ń wò yẹn gan-an. Láyé ọjọ́sí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìdúmọ̀tà là ń gbé CD lọ, àwọn oní-pirate á ti tà á ká kí tiwa tó jáde. YouTube ló gbà wá. Nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, 55% ló ń bọ́ sọ́wọ́ oníṣánẹ́ẹ̀lì, tó bá jẹ́ Shorts, ìyẹn fídíò kúkúrú, 45%. Tó bá jẹ́ fídíò gígùn lẹ ń ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ ní subscriber 1,000, káwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò yín láàárín ọdún kan, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ẹ̀. Tí gbogbo èèyàn bá dí i, kí la fẹ́ fi sanwó fún òṣèré?

Èyí tó ń bí màámi nínú yẹn ṣá, mo gbà fún wọn. Fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú 8, oníṣánẹ́ẹ̀lì lè fọwọ́ ara ẹ̀ yan ibi tí ìpolówó á ti já wọlé. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé e síbi tó dùn jù ni, kẹ́ ẹ má bàa lè lọ. Mo ti bá ọ̀gá mi jà lórí ẹ̀.

Àǹtí Súrùlérè
Ẹ ẹ̀ wá rí i! Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ ara yín lé wa wọ Brave. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín.

Ṣẹ́gun Bàrígà
Ti TV ńkọ́? Áàpù YouTube orí TV wa, ìpolówó ibẹ̀ tún gùn ju ti fóònù lọ.

Wálé Kọ̀ǹpútà
Orí TV, extension ò wọ ibẹ̀, DNS náà ò ràn án. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà HDMI, kẹ́ ẹ wò ó látinú Firefox. Àbí kẹ́ ẹ ra Premium, ìyẹn YouTube tí wọ́n ń sanwó fún kí ìpolówó má bàa jáde.

Ọmọ Èbúté
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi Firefox àti uBlock Origin sí i, mo gbé YouTube inú Firefox sójú fóònù wọn kí wọ́n kàn máa tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ geere. Bọ̀dá tó ń bèèrè password, mo ti sọ fún wọn pé a ò ṣe mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ̀dá tó ń gé fíìmù yẹn ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀. Premium ọ̀hún, tá a bá dáwó ra ti ìdílé, èmi àti màámi ní Èbúté, àbúrò mi n'Ìkòròdú, ẹ̀gbọ́n wa l'Ábẹ́òkúta, ṣé owó ẹ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ yín?

Ẹni Tó Ń Gé Fíìmù
Ó ń dé, tẹ́ ẹ bá wo fíìmù wa, wọ́n ń pín nínú owó Premium fún wa. Ẹni tó rà á lè fa èèyàn márùn-ún míì mọ́ra, àmọ́ ilé kan náà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jọ máa gbé o. Ẹ yọ ará Abẹ́òkúta àti ará Ìkòròdú kúrò.