Ajá mi ń tiro: ọjọ́ Sátidé ẹsẹ̀ ọ̀tún, Ọjọ́rú ẹsẹ̀ òsì

Ìyá Tanímọ̀la, Kubwa:
Ẹ kú ilé o. Alsatian ni mo ní, akọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Ní Sátidé, mo ṣí géètì, mo ń retí kó sáré pàdé mi, àfi bó ṣe ń tiro bọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún dání bí ẹni tẹ́gùn-ún gún. Mo ya ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́gùn-ún, kò wú. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ó ti ń rìn dáadáa. Mo ní ọpẹ́ ni. Kó tó di Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ òsì ló tún kàn! Mẹ́gáàdì wa ní ó ń díbọ́n ni, ẹran ló ń wá. Ó ń jẹun, àmọ́ kì í jẹ ẹ́ tán mọ́.

Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń da calcium sínú oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fi kún un ni? Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n fún un ní ibuprofen ọmọdé.

Ọmọ Ọ̀fà, Lugbe:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibuprofen yẹn nù! Ó ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Boerboel, irú ajá ńlá kan, lèmi ní. Mo ń rọ oúnjẹ fún un kó lè tóbi kíá, kí àdúgbò lè bẹ̀rù rẹ̀. Ara ń wúwo, eegun ò tíì gbó. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Dókítà ẹranko, Gwagwalada:
Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Bí ìtiro bá ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn lára ọmọ Alsatian, panosteitis, àìsàn eegun àwọn ọmọ ajá tó ń dàgbà, ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Inú eegun gígùn ló ti ń dùn wọ́n, kì í ṣe oríkèé. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò tẹ àárín eegun apá rẹ̀, ẹ wò ó bóyá á fà á gbà. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè padà wá títí ajá á fi dàgbà tán.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn jókòó sílé. Àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá náà lè mú un tiro, pẹ̀lú ibà. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè: bí èrìgì bá funfun, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí òkè ọrùn ẹsẹ̀ bá wú tó sì gbóná, ẹ tètè gbé e wá fún X-ray. Calcium, ẹ dá a dúró lónìí. Ara ọmọ ajá kéékèèké kò mọ bá a ṣe ń kọ èyí tó bá pọ̀ jù, eegun lè torí ẹ̀ dàgbà wọ́.

Ìyá Tanímọ̀la:
Ẹ ṣeun, dókítà. Mo tẹ oríkèé, kò dá mi lóhùn. Mo tẹ àárín eegun, ó wojú mi, ó rọra fẹnu gbá ọwọ́ mi mú, kò gé mi jẹ o, ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko. Eégbọn mẹ́ta ni wọ́n bá nínú etí rẹ̀, èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan kan. Inú eegun ló funfun bí ìkùukùu nínú X-ray, ohun tẹ́ ẹ pè é gan-an ni. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora ti ajá.

Mẹ́gáàdì ò tíì gbà, ó ní dídíbọ́n ni. Lálẹ́ àná ni mo ká a mọ́ ẹ̀yìn géètì, tó ń ya kílíṣí fún un lábala lábala.