Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń kú láàárín ọ̀sà: ṣé hóòsì epo ni àbí kabúrétọ̀?

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó tún náwó síbi tí kò yẹ. Ọkọ̀ onífáíbà ni mo ń wà láti èbúté Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹ̀jìnrìn, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá fa okùn rẹ̀ láàárọ̀, kíá ni yóò dáhùn, bí mo sì ti ń rọra kúrò ní èbúté, kò ní ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí mo bá dé gbangba omi tí mo sì ní kí ó sáré ni wàhálà máa ń dé. Yóò sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò yí padà, yóò máa mí gúlegúle bí ẹni tí ó gun òkè, yóò sì kú. Bí mo bá fún pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà rogodo tí ó wà lára hóòsì epo, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, yóò tún jí, a ó lọ díẹ̀ sí i, yóò tún kú. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó kú kí a tó gúnlẹ̀, ìyá kan tí ó gbé ẹja gbígbẹ dání sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè sọ pé kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ni ó bàjẹ́. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gba owó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì tún kú lọ́jọ́ kejì. Mo ti fi plọ́ọ̀gì tuntun sí i. Tánkì pupa tí ó ń gba lítà 25 ni mo ń lò, ààbọ̀ lítà ọ́ìlì ni mo sì ń pò mọ́ epo inú rẹ̀ bí ó bá kún. Hóòsì náà kò tíì pé ọdún méjì, ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n pààrọ̀, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kabúrétọ̀ tòkunbọ̀ tí ó dára rà, kí ẹ sinmi. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, fífọ̀ kò ràn án, àfi ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Mẹkáníìkì Èbúté, Ìkòròdú:

Ẹ kú ewu omi, Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹ fi owó kabúrétọ̀ yẹn sápò ná, nítorí ẹnu ara yín ni ẹ fi júwe ibi tí àrùn náà wà. Ẹ ní bí ẹ bá fún pọ́ǹpù ọwọ́, ẹ́ńjìnnì a jí. Ebi epo ni ó ń pa á nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì yìí ní pọ́ǹpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tí kò lo iná mànàmáná rárá. Èémí tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì ni ó ń mi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn, tí ó fi ń fa epo láti inú tánkì. Agbára rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọ̀nà bá há díẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá rí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ gbà wọlé, yóò fa èyí tí ó tó fún ìrìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè fa iye tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà tí ó bá ń sáré.

Àyẹ̀wò tí ẹ ó ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání, kì í ṣe èrò o, kí ẹ lọ sí gbangba omi, kí onítọ̀hún gbé ọwọ́ lé pọ́ǹpù ọwọ́ láìfún un, títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi yí padà. Bí ó bá rí i pé rọ́bà náà ti pẹlẹbẹ bí ọmú tí ọmọ ti mu tán, nǹkan ti dí ọ̀nà láàárín tánkì àti pọ́ǹpù ọwọ́: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ gbàgbé láti tú ìdè atẹ́gùn orí ìdérí tánkì, èyí tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé bí epo ti ń jáde, kí ẹ tó wá wo asẹ́ tí ó wà ní ẹnu ọ̀pá inú tánkì, kí ẹ sì wo inú hóòsì fúnra rẹ̀. Bí rọ́bà kò bá pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ ń rí ìfófòó nínú ìgò fílítà tí ó ń sẹ́ epo, afẹ́fẹ́ ni ó ń bá epo wọlé, ìdí kílíìpù tàbí òrúka rọ́bà inú kọ̀nẹ́tọ̀, ẹnu tí a fi ń so hóòsì mọ́ tánkì tàbí ẹ́ńjìnnì, ni ó sì sábà máa ń gbà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, awọ pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ni kí a fura sí.

Ẹ má ṣe máa fún pọ́ǹpù ọwọ́ rìn lọ báyìí o. Inú epo ni ọ́ìlì wà. Bí epo kò bá dé tó, ọ́ìlì náà kò dé tó, písítìnì yóò gbẹ, yóò gbóná, yóò sì gán mọ́ ibi tí ó wà. Mo ti tú irú rẹ̀ rí, inú rẹ̀ dà bí ibi tí ológbò ti fi èékánná ha láti òkè délẹ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ìlàjẹ:

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ni mo ní lórí omi, hóòsì sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta hóòsì funfun tí a ń rí inú rẹ̀ fún yín, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ìpele ògiri. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Bẹntiróòlù a máa fa ohun tí ó mú un rọ̀ jáde, kí oṣù díẹ̀ tó kọjá yóò ti gan bí igi, yóò sì sán ní ìdí kílíìpù. Àwọn ọmọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ fún mi tilẹ̀ máa ń fi wáyà dè é, wáyà náà a sì gé e wọnú. Dídán ara hóòsì kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì kéde pé kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, hóòsì méjì ni ó rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ara wọn ń dán ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò mi ni mo mú dání láàárọ̀ yìí. Kí n tó gbọ́ ìyípadà ohùn rárá ni ó ti pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹlẹbẹ!" Ìdè atẹ́gùn wà ní títú, mo tilẹ̀ ṣí ìdérí tánkì pátápátá, kò yí padà. Asẹ́ náà mọ́. Mo wá yọ hóòsì tí ó wà láàárín tánkì àti pọ́ǹpù ọwọ́, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ. Bí mo bá fẹ́ ẹ láti apá pọ́ǹpù, ó ń kọjá. Bí mo bá fẹ́ ẹ láti apá tánkì, ó ń dí pin. Ni mo bá fi ọ̀bẹ là á ní òòró. Lóde, kò sí àpá kankan. Nínú, awọ kan tí ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ti ṣí kúrò lára rọ́bà, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ sí kọ̀nẹ́tọ̀, ó sì ń dìde bí ìlẹ̀kùn bí epo bá ti ń sáré bọ̀. Ṣé hóòsì yẹn nìkan ni kí n pààrọ̀?

Mẹkáníìkì Èbúté, Ìkòròdú:

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ hóòsì epo mọ́, ẹ̀fúùfù epo yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Rárá, ẹ pààrọ̀ hóòsì méjèèjì àti pọ́ǹpù ọwọ́ pọ̀, nítorí pé èyí tí ó kù kò kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tí ó bàjẹ́, àjákù awọ yẹn sì lè ti há sínú àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà ní ẹnu méjèèjì pọ́ǹpù náà. Ẹ ṣí ìgò fílítà pẹ̀lú, ó dá mi lójú pé ẹ ó bá díẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra hóòsì, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: SAE J1527 ni àmì hóòsì epo tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Kí ihò rẹ̀ má kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, kí ó sì gùn tó láti dé ìdí ẹ́ńjìnnì láìká kọ́rọ́, láìgba abẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi gé e, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Bí ó bá le láti wọlé, inú omi gbígbóná ni kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ̀, kì í ṣe iná. Kílíìpù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fún un títí tí kò fi ní yí mọ́, kì í ṣe títí tí yóò fi jẹ rọ́bà. Ọfà ara pọ́ǹpù ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí ẹni tí ó fi sí òdì tí ó sì ń fún un ní gbogbo ọ̀sán. Bí ẹ bá ń fún un nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé e dúró kí ọfà náà kọjú sókè, yóò tètè le. Tí ó bá ti le, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá rọ̀ padà, ẹ fi ọṣẹ àti omi ra gbogbo oríkèé rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ó ti ń ru. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ṣe é nígbà tí kò sí èrò nínú ọkọ̀, kí ó sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Mo ti parí rẹ̀. Àjákù mẹ́ta ni mo bá nínú fílítà, dúdú, bí èèpo ẹ̀wà. A lọ Ẹ̀jìnrìn, a bọ̀, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi fẹ́ fi hóòsì àtijọ́ tí a kò là pa mọ́ fún ìgbà tí nǹkan bá le. Ṣé kí n gbà á láyè?

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ìlàjẹ:

Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ lónìí. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí nílé, ara ọkọ̀ ni yóò tún padà sí.