Ìnṣọ́ránsì ayálégbé ní Houston: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà níbí.

Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ fẹ́ kó lọ sí àpátímẹ́ǹtì kan ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé ní dandan ni kí a ní ìnṣọ́ránsì ayálégbé tó lè san tó 100,000 dọ́là bí a bá ṣèèṣì ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Ìyẹn yé mi. Ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ kò kọjá ara ilé. Bí iná bá jó ẹrù wa, àwa la ni òfò.

Omíyalé ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ìnṣọ́ránsì ayálégbé lásán kì í sanwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ ohun tí ojú Houston rí lọ́wọ́ ìjì Harvey ní 2017. Ti omíyalé tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe wà lọ́tọ̀, ó sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ ti rà á, èló ló ń ná yín lọ́dún?

Ìyàwó mi tún ní iyùn àti góòlù tí ìyá rẹ̀ fún un. Aṣojú ìnṣọ́ránsì ní bí olè bá kó wọn, 1,500 dọ́là ni gbogbo ohun tí àwọn máa san, àfi bí a bá forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹni tó díye lé wọn. Ta ló mọ iyùn àtijọ́ díye lé níbí? Aṣọ òkè ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìparí oṣù yìí la fẹ́ buwọ́ lùwé.